Jẹ́nsinmi Dúró Lórí Pákó

Ajá náà tún dúró lórí pákó. Kò gbó, kò gbọ̀n, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn dúró gbagidi sí àárín jáńgílófà bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì, ó ń wo obìnrin tó mú un wá sí pápá, obìnrin náà sì dúró tì í, òun náà ń wò ó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ti sọ ilẹ̀ pápá di ẹrẹ̀, àwọn tó mú ajá tiwọn wá sì tò sẹ́yìn, wọ́n ń retí kí àyè ṣí sílẹ̀.

"Jẹ́nsinmi, ó yá, máa lọ," ni obìnrin náà wí. Ohùn tó fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí èyí tó fi ń sọ fún àwọn aláìsàn níbi iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù. Ajá náà mi etí kan. Èsì kan ṣoṣo tó rí gbà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré yìí fún ẹni tí kò bá rí i rí. Wọ́n máa ń to igi ìfò, ihò rọ́bà gígùn, àwọn òpó tẹ́ẹ́rẹ́ àti pákó sórí pápá. Ajá á máa fò, á máa rá kọjá nínú ihò, á máa lọ́ láàárín òpó bí ejò, ẹni tó ni ín á sì máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi èjìká àti ẹsẹ̀ júwe ọ̀nà fún un. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn á ní àìríṣẹ́ṣe ló ń dà wọ́n láàmú. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, àfìgbà tí mo rí bí òógùn ṣe ń bọ́ lára wọn.

Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, jáńgílófà ló burú jù. Pákó gígùn kan ni, wọ́n gbé àárín rẹ̀ ka irin, etí kan wà nílẹ̀, etí kejì wà lókè. Ajá á gun etí tó wà nílẹ̀, tó bá ti kọjá àárín, pákó á yí wálẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á balẹ̀ gbì. Ajá tí gbì yẹn bá bà lẹ́rù, kó tó tún gùn ún, ó di ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ire.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù pákó kò ba Jẹ́nsinmi rí. Ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ fi rúni lójú. Nígbà tí Apínlẹ́tà wà láyé, ajá yìí ń gba orí jáńgílófà kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Apínlẹ́tà ni ọkọ obìnrin yìí. Lẹ́tà ló ń pín kiri ojúlé, gbogbo ajá àdúgbò ló sì kórìíra rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló mú un lọ wá èyí tó máa fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló sọ ọ́ ní Jẹ́nsinmi, nítorí láti kékeré ni ajá náà kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé. Tí àwọn méjèèjì bá wọ pápá, Apínlẹ́tà á máa kígbe, á máa rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú ìgò omi, á ní, "Ẹ wo àgbàlagbà yìí." Àfi bó ṣe sùn lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan tí kò jí mọ́. Ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù.

Gbogbo wọn ní pápá ló ń pe obìnrin náà ní Ìyàwó, nítorí ìyàwó Apínlẹ́tà ni. Apínlẹ́tà lọ, orúkọ náà ò lọ.

"Gbé e sọ̀ kalẹ̀," ni Kóòṣì wí láti ẹ̀yìn. Kóòṣì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ eré ìdárayá tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n fèrè rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun ló ni pápá. Òun ló tún ni ìyá tó bí Jẹ́nsinmi, ọ̀fẹ́ ló sì fún Apínlẹ́tà ní ọmọ ajá náà. "Ìyàwó, ìwọ lo kọ́kọ́ dúró kó tó dúró."

"Mi ò dúró, sà. Ẹsẹ̀ mi ń lọ."

"Ẹsẹ̀ rẹ ń lọ. Nǹkan kan lára rẹ dúró. Èmi ò mọ ohun tó jẹ́, ajá mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó gbé ajá náà mọ́ra, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kóòṣì bá a rìn dé ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń fi fèrè na àtẹ́lẹwọ́.

"Ìparí oṣù ni ìdánwò. O rántí ohun tí a jọ sọ?"

"Mo rántí, sà."

Ohun tí wọ́n jọ sọ ni pé, bí Ìyàwó àti Jẹ́nsinmi ò bá lè sáré ọ̀nà ìdánwò já láìdúró, Kóòṣì á gba ajá rẹ̀ padà, á fi fún obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tó sì mọ eré náà dáadáa. Kóòṣì kì í ṣe ìkà. Lójú tirẹ̀, ajá tí wọ́n bí fún eré, kó wá máa sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná títí á fi kú, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọjọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ó ti múra ìjà sílẹ̀ kó tó la ẹnu. Ìyàwó kàn wò ó, ó ní, "Kò burú, sà."

Kò burú ló ń sọ sí gbogbo nǹkan látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ wá kó aṣọ olóògbé lọ, ó ní kò burú. Wọ́n yí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ padà ní ọsibítù láìbi í, ó ní kò burú. Omijé ò jáde lójú rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú, kò sì tíì jáde títí di ìsinsìnyí. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le. Ẹnu wọn ló le. Ọkàn obìnrin yẹn kú tipiri ni, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́, tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, kò ní mọ̀.

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Jẹ́nsinmi nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí tó kù nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀. Tí wọ́n bá gba ìyẹn náà, ó parí. Ìyàwó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ lójú oorun pé ilé òun ń jó, tí kò sì ní lè dìde.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń rán kọ́tìnì tà, wá kí i lọ́jọ́ Àìkú. Obìnrin yẹn kì í wọ ilé kó má wá àléébù ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ wo kọ́tìnì pálọ̀, ó ní etí rẹ̀ ti tú. Ó ṣí fìríìjì, ó wò ó, ó rọra tì í padà. Ó wá wo ajá tó nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mu omi gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

"Ṣé èyí náà ló fẹ́ sọ ẹ́ di eléré ìje?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó. Mo gbọ́ pé tó bá ti dé àárín pákó, á dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Tìẹ ò tiẹ̀ wá sọnù. Ó gbọ́ fèrè, ó ní òun ò lọ." Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín in, ó fa etí kọ́tìnì sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ gán an. "Àbúrò mi, fún bàbá yẹn ní ajá rẹ̀, kí orí rẹ fúyẹ́."

"Kò burú."

"Ṣé wà á fún un ni?"

"Tó bá gbà á, ó gbà á náà nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ dúró. "Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́. Ìwọ fúnra rẹ, kí lo fẹ́?"

Ìyàwó ro ó tọkàntọkàn, bí ẹni tí wọ́n ní kó rántí orúkọ ẹni tó bá a jókòó ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní òun ń lọ gbé omi tíì kaná. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí Jẹ́nsinmi, ajá náà ò ṣí ojú.

"Àwọn àgbà ní tí a bá ń sunkún, à máa ń ríran," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ tẹ̀lé e láti pálọ̀. "Ìwọ ò sunkún, o ò sì ríran. Èwo la wá fẹ́ mú níbẹ̀?" Ìbínú wà nínú ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù.

Kò sí ohun tí wọn ò dán wò lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fi ẹran sí òpin pákó. Jẹ́nsinmi wo ẹran, ó wo Ìyàwó, ó dúró. Wọ́n ki òkúta bọ abẹ́ pákó kó má baà yí púpọ̀, ó dúró. Kóòṣì ní kí Ìyàwó máa sáré lọ, kó má wẹ̀yìn. Ajá náà dúró lórí pákó, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dé ìpẹ̀kun pápá. Igi ìfò o, ihò rọ́bà o, òpó o, gbogbo ìyẹn ló ń ṣe. Kò yá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é. Pákó nìkan ni. Nígbà tó yá, tó bá ti kan Ìyàwó, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wọn. Ọkùnrin kan tí ajá rẹ̀ kò ga ju kókósẹ̀ lọ wá sọ fún un pé kò sí ohun tí sùúrù ò lè sè jinná. Ká ní èmi wà níbẹ̀ ni, ǹ bá bi í bóyá sùúrù náà ló sè é tí ajá rẹ̀ fi sún kì tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó á dúpẹ́, á de okùn mọ́ ajá lọ́rùn, á lọ sílé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á tún wá.

Ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà sú Kóòṣì pátápátá. Ó gba okùn lọ́wọ́ Ìyàwó, ó nà án sí olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. "Bá mi sá a lẹ́ẹ̀kan péré."

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ò fẹ́. Ọmọlúàbí ni, ó kọ́kọ́ wo ojú Ìyàwó. Ìyàwó ní kò burú.

Wọ́n sá. Jẹ́nsinmi fo igi, ó wọ ihò, ó jáde, ó lọ́ láàárín àwọn òpó, ó gun jáńgílófà. Gbì. Kò dúró gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti ń lọ. Gbogbo pápá hó yèè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n panu mọ́.

Ìyàwó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi lọ́wọ́. Ó yẹ kó dùn ún. Ó wá ibi tó yẹ kó ti máa dùn ún káàkiri ara rẹ̀, kò rí i. Ohun tó rí kò ju pé ìgò náà ti run mọ́ ọn lọ́wọ́, omi sì ti ṣàn wọ inú bàtà rẹ̀.

"O rí i," ni Kóòṣì rọra wí. "Kì í ṣe ẹjọ́ ajá."

"Mo rí i, sà."

Yàrá ẹ́kísíréè ni Ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Yàrá náà tutù, kò ní fèrèsé. Òun ló ń ya àwòrán àyà àti egungun, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti di orin. Ẹ gbé àgbọ̀n sórí ibí. Ẹ fa èjìká síwájú. Ẹ fa èémí wọlé, ẹ dá a dúró, ẹ má mí, ẹ má mira. Á tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ á dún, á wá ní, ẹ máa mí lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé ló ń sọ ọ́ fún arúgbó. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá ọlọ́pàá kan rí, tí ẹ̀rù ẹ̀rọ ń bà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyá arúgbó kan tó ń wúkọ́ wọlé lórí kẹ̀kẹ́. Ara ìyá náà kéré, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò kéré. Ìyàwó gbé e síwájú ẹ̀rọ, ó lọ dúró sẹ́yìn gíláàsì, ó ní kó dá èémí dúró. Ẹ̀rọ náà ń falẹ̀, iná rẹ̀ ò tètè tàn.

"Mo ti mí o," ni ìyá arúgbó wí. "Má bínú. Ìwọ náà mí, ọmọ mi. Mo ń wò ẹ́ láti inú gíláàsì, o ò mí látìgbà tí o ti wọbẹ̀."

"Mò ń mí, mà."

"Èmi tí mi ò rí èémí mí ni mo máa mọ ẹni tí kò mí."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún un, bí iṣẹ́ ṣe ní kó máa ṣe. Wọ́n tún un ṣe, àwòrán náà jáde, wọ́n ti ìyá náà lọ. Ẹni tó kàn wọlé, ọkùnrin tó ṣubú lórí àkàbà ni. Ìyàwó ní kó dá èémí dúró, ó sì fọkàn sí ara òun fúnra rẹ̀. Àyà rẹ̀ ti tì pa. Ikùn rẹ̀ le gbagidi, ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó ní kí ọkùnrin náà máa mí lọ, ọkùnrin náà mí. Òun kò tíì mí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ẹni tó tẹ̀ lé e, àti ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Gbogbo ẹni tí Ìyàwó bá fẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́, ó ń bá a dá èémí dúró láìmọ̀.

Ó jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. Jáńgílófà ló ń rò. Tí Jẹ́nsinmi bá ti gbé ẹsẹ̀ lé pákó, ohun tó wà lọ́kàn Ìyàwó ni pé kí pákó náà má mì, kí ajá má ṣubú, kí ohunkóhun má tún ṣẹlẹ̀. Àyà rẹ̀ á sì tì pa bó ṣe ń tì pa nínú yàrá yìí. Ajá ò gbọ́ èdè wa tó bẹ́ẹ̀, ara wa ló ń gbọ́. Jẹ́nsinmi ò ṣàìgbọràn rí lọ́jọ́ kan. Ara Ìyàwó ló ń sọ fún un pé kó dúró, ó ń dúró.

Nígbà tí wọ́n tún dé pápá, kò ṣàlàyé púpọ̀ fún Kóòṣì. Ó ní òun fẹ́ sá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń mí sókè sódò pẹ̀lú ariwo, hùù, hùù, débi pé ọkùnrin alájá kékeré béèrè bóyá ìrọbí ló mú un. Jẹ́nsinmi gun pákó. Ó dé àárín. Etí rẹ̀ nà sókè, ó ń tẹ́tí. Ìyàwó tún mí, èyí tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ajá náà sì gbé ẹsẹ̀ síwájú. Gbì.

Fèrè bọ́ lẹ́nu Kóòṣì. "O rí i," ó ní. "O rí i báyìí."

Àmọ́ ojú Ìyàwó ti yí padà. Bó ṣe mí èyí tó jìn yẹn, nǹkan kan gbéra láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ó ń bọ̀ lókè, ó gbóná, ó tóbi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀fun rẹ̀. Ó dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀rù sì bà á ju bí ẹ̀rù ṣe lè ba ajá lórí pákó lọ. Ó pa ẹnu dé, ó gbé e mì. Kóòṣì ní kí wọ́n tún un sá. Wọ́n tún un sá, Ìyàwó pa èémí rẹ̀ mọ́ gbọingbọin, Jẹ́nsinmi dé àárín pákó, ó dúró.

"Kí ló tún dé?"

"Ó rẹ̀ mí, sà."

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí kì í ṣe mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: pé tí òun ò bá mí, ajá ò ní lọ, wọ́n á sì gbà á, tí òun bá mí, nǹkan yẹn á jáde. "Tó bá bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ibi tó máa dúró, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. "Ẹkún kì í pààyàn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ níkẹyìn. "Èyí tí wọn ò sun ni mi ò lè jẹ́rìí sí."

Oòrùn yọ dáadáa lọ́jọ́ ìdánwò. Adájọ́ tó wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, àwọn ẹgbẹ́ míì ló rán an wá, kò mọ ẹnikẹ́ni. Kóòṣì dúró ní òpin ọ̀nà eré. Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ bo àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyàwó ti rí i: okùn ajá tuntun, pupa, ló wà níbẹ̀. Olùkọ́ náà ti rà á sílẹ̀ de Jẹ́nsinmi. Kò burú, Ìyàwó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Adájọ́ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ń mí. Jẹ́nsinmi fo igi àkọ́kọ́ bí ẹni pé kò sí igi níbẹ̀, ó fo èkejì, ó kó wọ ihò rọ́bà, Ìyàwó ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ajá kìtìkìtì nínú rẹ̀. Àwọn òpó. Ó lọ́ ọ, ó lọ́ ọ, kò fo ọ̀kan. Jáńgílófà ló kàn. Nǹkan yẹn ti dé ọ̀fun Ìyàwó báyìí. Ó lè pa ẹnu dé. Àyè ṣì wà láti pa ẹnu dé. Jẹ́nsinmi dé àárín pákó, ó yíjú sí i, ó ń tẹ́tí sí i. Ìyàwó ṣí ẹnu, ó mí.

Gbì.

Ó ku igi ìfò méjì péré. Jẹ́nsinmi ti fo ọ̀kan, kò rí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wẹ̀yìn. Ìyàwó ti jókòó sílẹ̀ sórí koríko. Ohùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ rí. Ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í ṣe Apínlẹ́tà, orúkọ tí ìyá ọkùnrin náà sọ ọ́. Ajá náà padà wá bá a, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ sí i lọ́rùn. Adájọ́ wo Kóòṣì, ó wo ìwé rẹ̀, ó fun fèrè, ó ní ó ti tán; ẹni tó bá jókòó láàárín eré ti jáde nìyẹn.

Kóòṣì wá lóṣòó tì í. Kò yára. Ó jẹ́ kó sunkún dáadáa kó tó na ọwọ́, ojú tirẹ̀ náà ti pọ́n. "Pẹ̀lẹ́, Ìyàwó. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Mú okùn rẹ̀ wá."

Ìyàwó wé okùn náà mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò fún yín, sà."

"A jọ sọ ọ́."

"A jọ sọ ọ́. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́. Mo ti dé báyìí." Ikun ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀, kò nù ún. "Ajá mi ni. Ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín, mi ò fún yín."

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ti yíjú sí ọ̀nà míì. Kóòṣì dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Kò fẹ́ràn kí wọ́n yẹ àdéhùn lójú àlejò. "Ó dáa náà. Ìwọ àtòun, ẹ má wọ pápá mi mọ́."

"Ó dùn mí, sà," ni Ìyàwó wí. Ó dùn ún lóòótọ́; ó rí ibi tó ti ń dùn ún. "Ó dùn mí gan-an. Mi ò sì fún yín."

Ó dìde, koríko lẹ̀ mọ́ ìdí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fa ajá rẹ̀, ó ń sunkún lọ láàárín àwọn èèyàn láìbojú. Ní ẹnu géètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Ó rí obìnrin àgbà tó ń ké bí ọmọdé, ó dìde lórí àga rẹ̀.

"Mà, kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ọkọ mi ni," ni Ìyàwó wí. "Ọkọ mi ló kú."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, mà. Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyàwó fẹ́ sọ fún un pé ó ti pẹ́. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni," ló sọ.

Ọkùnrin náà gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ nu ojú àga náà, ó ní kó jókòó. Ó jókòó.